Ká Ní Rélùwéè Ò Gba Òṣogbo: Àkọsílẹ̀ Ìjókòó Mẹ́ta Lẹ́bàá Ojú Irin

Lẹ́tà ni wọ́n ní kí n wá bá wọn kọ. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ni, ní àdúgbò kan ní Òṣogbo tí odò kékeré kan gba àárín ilé wọn kọjá kó tó wọ abẹ́ ojú irin. Wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ rélùwéè pé kí wọ́n wá la òkè yẹ̀pẹ̀ tí irin gùn lé sí méjì, torí òkè náà ló ń sé omi mọ́ wọn, tí omíyalé fi di ọdọọdún. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò ọ̀hún. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo dáadáa á ti ka ibi mẹ́ta mẹ́rin tó jọ ọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ìwé, òun ló ní kí wọ́n pè mí. Iṣẹ́ ètò ìlú ni mo kọ́, àmọ́ ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè mí títí dòní. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo jáwọ́.

Bí òjò oṣù Kẹsàn-án bá ti rọ̀ fún wákàtí méjì, omi á kóra jọ sí ẹsẹ̀ òkè irin, á wá máa fà sẹ́yìn bọ̀ wálé. Nínú yàrá Baba alága, omi ti fi ìlà mẹ́rin sára ògiri, ọ̀kan lókè èkejì, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gíga ọmọ. Èyí tó ga jù kàn mí ní ìtan. Baba mọ ọdún tí ìlà kọ̀ọ̀kan dé, ó sì ń tọ́ka sí wọn bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ní òyìnbó rélùwéè ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn tó lọ kọ́lé sísàlẹ̀ odò ni kí wọ́n lọ bá. Ìpàdé méjì ti tú ká lórí ariwo kí n tó dé, wọ́n tiẹ̀ fọ́ àga kan ní ìkejì.

Mo ka lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ó gùn, ó kún fún ìbínú, àmọ́ gbólóhùn kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí: "Ká ní rélùwéè kò gba ibí kọjá ni, omi kì bá tí máa wọlé wa." Mo fa ìlà sí i nídìí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi eré tí mo ń pè ní ká-ní kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A ó mú ìpinnu kan nínú ìtàn ìlú, bí ọ̀nà, afárá, ọjà tàbí omi ẹ̀rọ, a ó yí i padà, a ó sì máa tẹ̀ lé e wò bóyá ìlú náà á ṣì rí bó ṣe rí. Àwọn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Wọn ò kàn parí rẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká parí gbólóhùn yìí ná kí lẹ́tà tó lọ.

Baba alága wò mí títí. "Ọmọ mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Omi wà nílé, o ní ká máa ṣe ká ní. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá ní Sátidé.

Kò síná lálẹ́ ọjọ́ náà. Òṣogbo ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò la fi tan gílóòbù tí a fi ríran. Èèyàn bí ogún ló wá, títí kan àwọn tó wá wo bí ìjà á ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn ni mo gbé kalẹ̀, mi ò ro èyí tí wọ́n nílò. Mo ní: ká ní rélùwéè ò dé Òṣogbo rárá ńkọ́? Ká ní Iléṣà ló gbà? Mo wá ro ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin náà láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, ó kan Jẹ́bà létí Odò Ọya ní 1909, kó tó wá so pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń tò láti Báró lọ sí Kánò. Fún sáà kúkurú yẹn, kí irin tó kọjá lọ sí Ìlọrin, Òṣogbo ni ọ̀nà pin sí. Ẹrù Iléṣà ń bọ̀ wá wọkọ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó tò sítòsí ibùdókọ̀. Ní 1933, Òṣogbo ni wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ sìgá sí, ọdún mẹ́rin kí ti Ìbàdàn tó dé.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ìgbà tó ń dùn náà ló sì ń bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ká ní rélùwéè ò dé ni, gbogbo wa ì bá wà lóko, ara ì bá tù wá. Ìyá oníṣu kan bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti mú ọkọ́ rí. Bàbá Ìjẹ̀ṣà kan, tó ti ń gbé àdúgbò náà láti kékeré, ti fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀: "Ká ní ọ̀dọ̀ tiwa ló gbà, àwọn bàbá wa kì bá tí di òṣómàáló. Ta ló máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè bí rélùwéè bá wà nílé?" Ìyá oníṣu ní, "Inú rélùwéè gan-an lẹ ì bá ti máa lóṣòó." Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ẹ̀rín ti dá ni ìgbà tí ẹnì kan ní bó bá jẹ́ Iléṣà ni, Iléṣà ni ì bá di olú-ìlú ìpínlẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991. Ọmọ Ifẹ̀ kan dìde. Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, a ti tún ìpínlẹ̀ pín, kò sì sẹ́ni tó tíì dárúkọ omi.

Ohun kan ṣoṣo tó wúlò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ti jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ara rẹ̀ nínú ariwo. Ó ní, "Ṣé rélùwéè yìí kan náà kọ́ ló gba Ẹdẹ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ìkirun ńkọ́? Ọ̀fà ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ ò rí i, ṣé Ifẹ̀ wá parẹ́ ni?" Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí ohun kan náà bá ṣẹlẹ̀ sí ìlú mẹ́rin tí wọn ò sì rí bákan náà, a ò lè dá a lẹ́bi tàbí ká yìn ín fún gbogbo ohun tó wà ní ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ni nìyẹn.

Mo délé, mo rò ó. Ìdí tí ìjókòó yẹn fi fọ́ kò le. Oríta tí mo mú wọn lọ, ìyẹn ìpinnu tí mo ní ká yí padà, ti jìnnà jù, ó sì fẹ̀ jù. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìpinnu 1907, kò sí baba baba wọn tí wọ́n bi léèrè ibi tí irin máa gbà. Bí a bá sì ti yọ rélùwéè kúrò lódidi, ohun tí a ní láti fojú inú rò pọ̀ débi pé oníkálukú kàn ń fi ohun tó wù ú dí àlàfo ni. Bí ẹnì kan ṣe sọ Iléṣà di Èkó kejì, bẹ́ẹ̀ lẹlòmíràn sọ Òṣogbo di abúlé. Kò sí ohun tá a lè fi dá wọn dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀, mo sì mú un láti ibi tí gbogbo wọn mọ̀: Igbó Ọ̀ṣun. Ní 1965, ìjọba sọ igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO fi í sínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 75, wọ́n sì ní ó wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́ kù ní gúúsù Nàìjíríà. Mo bi wọ́n: ká ní wọn ò fòfin dè é ní 1965 ńkọ́, ká ní Adùnní Olóòrìṣà, òyìnbó obìnrin oníṣẹ́ ọnà tó dáàbò bo igbó náà, ò sì jókòó tì í?

Kò sí ariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ìdí ni pé wọn ò ní láti rò ó. Oníkálukú ló mọ igbó orò tàbí igbó egúngún kan ní ìlú ìyá rẹ̀ tó ti di pulọ́ọ̀tì. Ìyá oníṣu ní ilé epo ló wà lórí tiwọn báyìí. Bàbá Ìjẹ̀ṣà dárúkọ méjì. Mo ní kí wọ́n wo bí eléyìí ṣe yàtọ̀ sí ti Sátidé tó kọjá: ọwọ́ èèyàn wà lórí ìpinnu náà, ohun kan ṣoṣo la yí padà, ìlú mìíràn sì wà tá a lè fi wé e. Tíṣà mi orí. Mo rí i pé ó ti ń dúró de pé kí n sọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Lẹ́yìn náà la wá dé orí omi. Ìbéèrè mi ni pé: ká ní irin náà wà, àmọ́ ó gba òdìkejì odò? Mo ṣàlàyé pé rélùwéè ò fẹ́ràn òkè. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ ni irin ń tọ̀, ibi tó bá jìn wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ gbé e ga, ibi tó bá ga wọ́n á gé e. Àwọn tó wọn ilẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀ láti yàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya àwòrán ilé jẹun ní ọ̀rọ̀ ò tó, ó kó iyanrìn tí wọ́n fẹ́ fi mọlé jọ sáàárín àgbàlá, ó fọwọ́ la odò sínú rẹ̀, ó mọ òkè irin dábùú odò náà, ó to òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí ilé wà. Baba alága fún wọn ní bútà tó fi ń ṣàlùwàlá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré da omi sílẹ̀ láti òkè.

Omi sáré, ó kan òkè irin, ó dúró, ó wá yí padà ó bo gbogbo òkúta. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Rélùwéè ni!"

Ìyá aláró wà lápá kan níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí iṣẹ́ tó ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀. Òṣogbo ìlú aró, àwọn bíi tirẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ò ṣí ihò rẹ̀."

Wọ́n ní ihò wo, Màmá?

"Ihò abẹ́ irin. Ṣé ẹ rò pé òyìnbó á mọ òkè dí odò láìlu ihò sí i ni? Ibẹ̀ la ti máa ń ṣan àdìrẹ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mo máa ń nàró wọnú rẹ̀. Ara òkè irin yẹn náà la ń sá a sí. Omi ò dúró níbẹ̀ rí. Bó bá dúró, ta ló máa sáṣọ síbẹ̀?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wo iyanrìn rẹ̀. Ó fi ìka lu òkè irin náà já. Wọ́n tún da omi bútà, omi gbabẹ̀ lọ, òkúta gbẹ.

Mo ti ya máàpù lọ síbẹ̀, ó wà nínú báàgì mi, ó ní ìlà gíga ilẹ̀ lóríṣiríṣi. Ihò yẹn ò sí nínú rẹ̀.

Ìjókòó kẹta, orí ìdúró la ti ṣe é, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá aláró ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. A gé koríko kí a tó rí ẹnu ihò náà. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́, kò yẹ̀ níbì kankan. A fi téèpù wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 6 ní fífẹ̀, 5 ní gíga. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ẹ̀ka igi wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ èèyàn lè tẹ̀ ba wọlé, a sì rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì. Akọ̀wé wọlé, ó jáde lápá kejì, ó ń pè wá. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ká wá wo nǹkan.

Ní ìsàlẹ̀ odò, kò ju ilé mẹ́fà sí ojú irin lọ, ọ̀nà ọkọ̀ kan wà tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ lé láti fi sọdá odò náà. Abẹ́ ọ̀nà yẹn, páìpù kọ́ńkéré méjì ni omi ń gbà. Àlàfo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ lọ, iyanrìn sì ti mu ọ̀kan dé ìdajì.

A ṣe ìṣirò rẹ̀ níbẹ̀, lórí ẹ̀yìn lẹ́tà wọn gan-an. Ihò abẹ́ irin: 6 lọ́nà 5, ó jẹ́ 30. Páìpù kan, bí a bá ro yíyípo rẹ̀, kò pé 5. Méjèèjì ò pé 10, ká tiẹ̀ ní iyanrìn ò sí nínú wọn. Ihò òyìnbó fẹ̀ ju tàwọn páìpù yẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìyá oníṣu tó ń ta epo pupa pẹ̀lú ló sọ ọ́ bó ṣe yé gbogbo wa: àrọ ni. Ẹnu rẹ̀ ì báà fẹ̀ tó agbada, ìdí rẹ̀ ló máa sọ bí epo á ṣe yára tó. Omi tí páìpù kọ̀ ló ń fà sẹ́yìn gba abẹ́ irin padà wá sílé wọn, ó wá ń dúró ní ẹsẹ̀ òkè irin níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Lódìkejì, igbó ló wà, kò sẹ́ni tó ń lọ wò ó nígbà òjò.

Bí gbólóhùn inú lẹ́tà ṣe parí nìyẹn. Ká ní rélùwéè ò gba ibẹ̀ kọjá, tí páìpù méjì yẹn sì wà, omi á ṣì wọlé. Ká ní rélùwéè wà, tí páìpù ò sí, a ti rí ẹni tó sá àdìrẹ síbẹ̀.

Akọ̀wé bi ta ló ri páìpù wọ̀nyí. Ó bi í bí ẹni tó ti rí ọ̀daràn.

Baba alága ní, "Àwa ni."

Òun ni akápò nígbà náà. Lẹ́yìn tí Òṣogbo di olú-ìlú, àwọn èèyàn ń wá ilẹ̀ kiri, wọ́n ta ilẹ̀ òdìkejì, àwọn tó rà á sì fẹ́ kí mọ́tò wọn máa sọdá. Ilé kọ̀ọ̀kan dáwó. Baba padà sílé, ó mú ìwé kékeré kan bọ̀, ìwé tí bíro inú rẹ̀ ti di pípọ́n. Páìpù mẹ́ta ni owó tí wọ́n dá tó láti rà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó fi máa pé jọ, ọjà ti gbówó lórí, méjì lowó náà ká. Wọ́n ra méjì. Rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà láàárín ìwé.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wo ara wọn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀: "Ká ní ẹ ti dúró dá owó ẹ̀kẹta ni…" Mo dá a lẹ́nu, ó sì jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tí mo lo agbára. Mo ní kó tó parí gbólóhùn yẹn, kó kọ́kọ́ bi Baba pé kí ló wà ní òkè odò lọ́dún náà.

Baba ní ẹ̀fọ́ àti kókò. Oko ni gbogbo rẹ̀. Ilé mẹ́rin, bóyá márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà níbẹ̀. Ilẹ̀ oko máa ń mu omi. Òrùlé kì í mu omi, àgbàlá tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí kì í mu ún, gọ́tà sì ń gbé e sáré ni. Fún omi tó ń bọ̀ nígbà oko kókò, páìpù méjì tó. Baba sì jẹ́rìí sí i pé ó tó bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n rì wọ́n kí ìlà àkọ́kọ́ tó dé ara ògiri òun. Wọn ò ṣe òmùgọ̀ nígbà tí wọ́n ra méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oko di ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó padà lọ wo ihò tí omi ń gbà. Ká ní ẹnì kan ti lọ wọ̀n ọ́n lọ́dún tí wọ́n ta oko kókò tó kẹ́yìn: èyí ni ká ní tí mo rò pé ó tó lò nínú gbogbo rẹ̀, torí wọ́n ṣì lè ṣe é lọ́la.

Lẹ́tà tó lọ kẹ́yìn, ojú ìwé kan ni. Wọ́n bẹ àwọn tó ni ojú irin pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa gé koríko ẹnu ihò. Wọ́n kọ òmíràn sí ọ́fíìsì kan pé kí wọ́n wá bá wọn ṣe afárá. Àwọn èèyàn ọ́fíìsì náà wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ẹgbẹ́ dáwó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n hú páìpù méjèèjì, wọ́n fi kọ́ńkéré àti irin mọ ihò onígun mẹ́rin síbẹ̀. Mo fẹ́ kó tó 30 bíi ti abẹ́ irin. Fífẹ̀ 5, gíga 4 ló rí, ìyẹn 20, torí fẹ́ǹsì onílé kan wà létí odò níbẹ̀, ọkùnrin náà sì ní òun ò ní wó o. A lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tíì dárí jì í, mo sọ ọ́ síbí kó wà lákọsílẹ̀.

Fún àwọn tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìbáà ṣe ẹni tó ń kọ́ni nítàn tàbí ẹni tó ń bá àdúgbò jíròrò, ohun tí mo ti yí padà nínú bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mi ò fi 1907 bẹ̀rẹ̀ mọ́. Oríta tó sún mọ́ni ni mo ń kọ́kọ́ mú, èyí tí ẹnì kan nínú yàrá náà lè sọ pé òun wà níbẹ̀. Ìtàn ńlá náà dùn, èmi gan-an ni ó ń dùn mọ́, ó sì jẹ mí ní odidi alẹ́ kan. Bákan náà, mi ò jẹ́ kí máàpù jáde nínú báàgì kí ẹni tó ti fẹsẹ̀ wọ ibẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gúsí tó dá Ìyá aláró dúró lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó pè é sípàdé, èmi náà ò pè é.

Ohun tó le jù ni ìgbà tí oríta bá dé ọ̀dọ̀ alààyè. Láti 1907 la ti gbéra, a dé ọwọ́ Baba alága láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń darí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó máa ṣe kó tó débẹ̀. Tèmi ni kí n dá wọn padà sí ohun tí ẹni náà mọ̀ lọ́jọ́ náà, iye tó wà lápò rẹ̀ àti ohun tó lè fojú rí. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ká ní á di ẹjọ́, ẹni tí ìwé rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ní mú un jáde mọ́. Tí Baba ò bá mú ìwé yẹn wá, à bá ṣì máa méfò pé bóyá wọ́n jí owó páìpù kẹta jẹ ni. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ti ń fi eré yìí wo iwájú báyìí. Ojú irin tuntun tó fẹ̀ ti ń gbé èrò láti Èkó dé Ìbàdàn láti 2021, wọ́n sì ń bi mí pé bó bá ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ihò mélòó ni kí wọ́n ní kí wọ́n lù sí i, ta ni wọ́n máa bá sọ ọ́, ìgbà wo. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé kí wọ́n máa wọn ihò méjèèjì lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Ó ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, mo ní láti pè é.

Òjò kan ti rọ̀ kọjá láti ìgbà tí wọ́n mọ ihò tuntun náà. Omi wọ àgbàlá Baba alága, ó dé orí àtẹ̀gùn, kò wọ yàrá. Òjò ẹyọ ọdún kan ò tó fi jẹ́rìí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìlà mẹ́rin yẹn ṣì wà lára ògiri. Baba ti ra ọ̀dà, ike lítà mẹ́rin, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn, kò sì tíì ṣí i.